Wọ́n Wọ̀n Ọ́n, Wọ́n sì Jẹ Ẹ́

Òtútù Helsinki kì í kànkùn kó tó wọlé. Etí ló kọ́kọ́ gbà, ó bọ́ sí imú, nígbà tí mo sì fi máa kúrò ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin dé ìkóríta àkọ́kọ́, ètè mi ti gan bí èèpo ẹ̀pà. Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ nínú oṣù Kejìlá ni, síbẹ̀ ojú ọjọ́ ṣì dà bí ìdájí. Yìnyín tó ti dì mọ́ títì ń dún ràkà-ràkà lábẹ́ bàtà mi, mo sì ń gbé ẹsẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn. Iṣẹ́ mìíràn ló gbé mi wá sí Fínláǹdì. Iṣẹ́ ọ̀hún ti parí. Ọjọ́ kan péré ló kù kí n wọ bàlúù, eegun ẹranko kan ni mo sì fẹ́ fi ọjọ́ náà wò.

Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n kó ẹranko sí ni mò ń lọ, kò jìnnà sí ibùdó ọkọ̀ náà. Ère ẹranko kan tó jọ ìgalà, àmọ́ tó ga ju ẹṣin lọ, ló dúró níta; idẹ ni wọ́n fi rọ ọ́, yìnyín sì ti bo ẹ̀yìn rẹ̀ funfun. Bí mo ṣe tilẹ̀kùn wọlé, ooru gbá mi lójú. Àwọn ọmọ iléèwé bí ogójì ti tò sẹ́nu ibi tí wọ́n ti ń gba tíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń bọ́ kóòtù, wọ́n ń bọ́ ìbọ̀wọ́, wọ́n ń bọ́ fìlà, ariwo wọn ń lu àjà, òórùn aṣọ onírun tó tutù sì ń rú lára wọn bíi ti ewúrẹ́ tí òjò pa. Mo tò sẹ́yìn wọn. Láàárín gbogbo rúkèrúdò yìí, erin kan dúró síbẹ̀, erin Áfíríkà gan-an, awọ rẹ̀ tí wọ́n kì tí wọ́n sì rán. Mo kí i nínú ọkàn mi. Èmi àti ẹ̀ la jìnnà sílé jù nínú ilé náà.

Mo kọjá lára ìkookò, mo kọjá lára béárì, n kò dúró. Gbọ̀ngàn eegun ni mò ń wá. Ibẹ̀ dákẹ́ ju ìsàlẹ̀ lọ, iná rẹ̀ kò mọ́lẹ̀ jù, òórùn rẹ̀ sì dà bíi ti àpótí ìwé àtijọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí. Mo kọ́kọ́ rò pé eegun àbùùbùtán ni mo rí. Ìgbà tí mo súnmọ́ ọn ni mo rí ọrùn, mo sì rí orí kékeré kan lórí ọrùn náà, kékeré débi pé bí wọ́n bá dá a gbé wá sọ́jà, èèyàn á ní ti màlúù lásán ni. Ẹ̀yìn orí yìí wá ni ara ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn egungun ìhà rẹ̀ tẹ̀ kọrọdọ bí igi ọkọ̀ ojú omi tí wọn kò tíì kan pákó mọ́, wọ́n ki, wọ́n wúwo lójú, àwọ̀ wọn sì pọ́n bíi ti igi tó ti pẹ́ lábẹ́ iyanrìn. Ẹ̀yìn wọn ni òpó ẹ̀yìn ti ń lọ, tó ń lọ, tó ń tín-ín-rín, títí ó fi di ìrù. Ọwọ́ méjì ló wà níwájú. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kò sí.

Ọmọdékùnrin kan ti ṣáájú mi débẹ̀. Ó ń wo ibi tí ọwọ́ ẹran náà parí sí. Ó na ìka tirẹ̀ márààrún sókè, ó wò wọ́n, ó tún wo ọwọ́ ẹran. Èmi náà wò ó. N kò rí ìka kankan.

Orúkọ tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni Hydrodamalis gigas. Màlúù òkun ti Steller ni ayé mọ̀ ọ́n sí. Ní 1861, Hampus Furuhjelm, ọmọ Fínláǹdì tó ń ṣe gómìnà fún Rọ́ṣíà ní Alaska, ló rí eegun yìí gbà láti erékùṣù Bering, tó sì fi í ránṣẹ́ sí Helsinki. Nígbà yẹn, ó ti lé ní 90 ọdún tí ẹnikẹ́ni ti rí irú ẹran náà láàyè.

Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó kọjú sí i, mo sì yọ ìwé jáde nínú àpò. Òtẹ́ẹ̀lì ni mo ti tẹ̀ ẹ́ lálẹ́ àná. Ìwé ọ̀hún ni De bestiis marinis, tí Georg Wilhelm Steller fi èdè Látìn kọ nípa àwọn ẹranko òkun, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní St. Petersburg ní 1751; èyí tí Walter Miller àti Jennie Emma Miller túmọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1899 ló wà lọ́wọ́ mi. Nínú gbogbo àwọn onímọ̀ tó ń kọ nípa ẹranko, Steller nìkan ló fi ojú rẹ̀ rí èyí láàyè. Kò sí ẹlòmíràn. Ohun tí a mọ̀ nípa bó ṣe ń mí, bó ṣe ń jẹun, bó ṣe ń tọ́ ọmọ, ẹnu ọkùnrin kan ṣoṣo la ti gbọ́ ọ.

Ọmọ Jámánì ni, ọdún 1709 ni wọ́n bí i. Ní oṣù Kẹfà 1741, ó bá Vitus Bering wọ ọkọ̀ St. Peter láti Kamchatka, wọ́n sì rí ilẹ̀ Alaska. Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, àìsàn bẹ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, èyí tó máa ń mú kí èèyàn tí kò rí ewébẹ̀ jẹ fún oṣù púpọ̀ wú lẹ́ran ìdí eyín, kí eyín rẹ̀ máa mì, kó má lè dìde mọ́. Nínú oṣù Kọkànlá, òkun gbá ọkọ̀ náà sí erékùṣù kan tí kò ní igi, tí kò ní èèyàn. Wọ́n gbẹ́ ihò sínú iyanrìn, wọ́n fi aṣọ ìgbòkun bò ó lórí, wọ́n sì ń sùn níbẹ̀. Àwọn kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ń wọlé tọ̀ wọ́n, wọ́n ń jẹ òkú kí wọ́n tó rí i sin, wọ́n ń jí bàtà gbé. Bering kú lọ́jọ́ 8 oṣù Kejìlá. Orúkọ rẹ̀ ni erékùṣù náà ń jẹ́ títí dòní.

Látẹnu ọ̀nà àtíbàbà rẹ̀ ni Steller ti ń wo màlúù òkun lójoojúmọ́. Mo gbójú sókè wo eegun iwájú mi, mo sì gbìyànjú láti fi ẹran bò ó bó ṣe sọ. Awọ rẹ̀ dúdú, ó hun jọ, ó le, ó dà bí èèpo igi óákù tó ti darúgbó. Ojú rẹ̀ kò ju ti àgùntàn lọ. Kò ní eyín rárá: eegun pẹlẹbẹ méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, ló fi ń lọ koríko òkun bí ìgbà tí ìyá bá ń lọ ata lórí ọlọ. Ó máa ń da orí kodò sínú omi, á máa jẹ lọ bí màlúù nínú pápá, lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú mẹ́rin sí márùn-ún á yọ imú síta, á fọn ún bí ẹṣin. Ẹ̀yìn rẹ̀ kì í rì. Àwọn ẹyẹ òkun ń bà lé e, wọ́n ń ṣa kòkòrò ara rẹ̀ jẹ, gẹ́gẹ́ bí lékeléke ṣe ń ṣe lára màlúù Fúlàní. Ọmú méjì ló ní, àyà ló sì wà, kì í ṣe abẹ́ ikùn. Bí omi bá kún, wọ́n máa ń wá sítòsí èbúté débi pé Steller na ọwọ́, ó sì fi pa wọ́n lẹ́yìn. Wọn kò sá.

Ní ti ọwọ́ tí ọmọdékùnrin yẹn ń wò, Steller ti wò ó ṣáájú rẹ̀. Ó wá ìka, ó wá èékánná, kò rí ọ̀kankan. Ibi tó yẹ kí ìka wà, awọ líle ló rí, pẹ̀lú irun gán-ún-gán-ún bíi ti búrọ́ọ̀ṣì, ọwọ́ tó ń fi rìn nínú omi tí kò jìn, tó sì ń fi ha koríko kúrò lára àpáta.

Olùkọ́ àwọn ọmọ náà pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ya wọ inú gbọ̀ngàn, ìdákẹ́jẹ́ tú ká. Wọ́n fún wọn ní bébà àti pẹ́ńsù, wọ́n ní kí kálukú ya eegun tó wù ú. Bí mẹ́fà nínú wọn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú màlúù òkun. Mo gbé ẹsẹ̀ mi kúrò lọ́nà, mo padà sínú ìwé mi.

Nígbà tó fi máa di oṣù Karùn-ún 1742, ẹran onírun kan tí òyìnbó ń pè ní otter, tí wọ́n ń pa jẹ látìgbà náà, ti ń sá fún wọn, wọ́n sì ní láti rìn jìnnà kí wọ́n tó rí i. Màlúù òkun sì wà lẹ́nu ilé. Wọ́n rọ ìkọ́ irin ńlá kan, wọ́n so okùn gígùn mọ́ ọn, wọ́n gbìyànjú. Awọ ẹran náà le jù, ìkọ́ kò wọlé dáadáa, ìgbà mìíràn ẹran á gbé ìkọ́ tòun tokùn lọ. Lópin oṣù Kẹfà ni wọ́n tó mọ̀ ọ́n ṣe. Wọ́n tún ọkọ̀ kékeré wọn ṣe, ẹnì kan dúró níwájú rẹ̀ pẹ̀lú ìkọ́ lọ́wọ́, ọgbọ̀n ọkùnrin di ìdí okùn mú létí omi. Bí ìkọ́ bá ti wọ ẹran lára, àwọn ti èbúté á bẹ̀rẹ̀ sí í fà, àwọn ti inú ọkọ̀ á máa gún un lọ́bẹ títí yóò fi rẹ̀ ẹ́. Àwọn màlúù òkun yòókù kì í fi í sílẹ̀. Wọ́n á yí i ká, àwọn kan á fẹ́ da ọkọ̀ náà dojú dé, àwọn mìíràn á fi ẹ̀yìn tẹ okùn kó lè já. Steller rí akọ kan tó wá síbi tí òkú abo rẹ̀ wà létí omi. Lọ́jọ́ kejì, ó tún wá.

Ìpínrọ̀ tó tẹ̀ lé e ń sọ bí ẹran náà ṣe rí lẹ́nu.

Mo dúró síbẹ̀, mo tún un kà. Ọ̀rá rẹ̀ funfun, bí oòrùn bá pa á, á pọ́n bíi bọ́tà, òróró tó ń yọ nínú rẹ̀ sì dùn bíi ti álímọ́ńdì. Wọ́n ń fi ife mu ún, èébì kò gbé wọn. Ẹran ọmọ rẹ̀ rọ̀. Ti àgbà le díẹ̀, àmọ́ bí wọ́n bá sè é pẹ́, ó rí lẹ́nu bíi ti màlúù gan-an. Ọ̀kan ṣoṣo tó gbogbo wọn jẹ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn tí kò lè dìde tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ọkùnrin 46 ló dé ilé láàyè nínú àwọn tó bá Bering wọ ọkọ̀ náà, n kò sì rò pé iye wọn máa pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ bí kì í bá ṣe ẹran yìí.

Ọjọ́ 12 oṣù Keje 1742 ni Steller rí ọ̀kan là. Abo ni. Mo ka apá ibẹ̀ bí ẹni ń ka ìtàn ọdẹ. Òjò ń rọ̀, òtútù ń mú, omi òkun ń kún bọ̀. Ó fi tábà háyà àwọn tó máa ràn án lọ́wọ́, wọ́n sì ń fa ohun tó fẹ́ wò ya, nítorí wọn kò rí ìdí tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ rọra. Ó wọ̀n ọ́n láti ètè dé ìrù: ínṣì 296, ó lé ní ẹsẹ̀ bàtà 24. Ọkàn rẹ̀, pọ́n-ùn 36 àti ààbọ̀. Àpòlúkù rẹ̀ gùn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, koríko sì kún un dẹ́nu débi pé ọkùnrin mẹ́rin tó lágbára so okùn mọ́ ọn, agbára káká ni wọ́n fi sún un. Ìfun rẹ̀, ínṣì 5,968. Mo fi fóònù ṣírò ìyẹn: nǹkan bíi mítà 151, pápá bọ́ọ̀lù kan àti ààbọ̀. Bí ọ̀bẹ bá sì kan ìfun náà pẹ́, ìgbẹ́ á tú jáde bí omi ẹ̀rọ, àwọn òṣìṣẹ́ sì ń mọ̀ọ́mọ̀ gún un kó lè ta sí ẹnìkejì wọn lójú. Ní gbogbo àkókò yìí, àwọn kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ń yọ́ wá sẹ́yìn Steller, wọ́n ń gbé bébà rẹ̀ lọ, wọ́n ń gbé ìwé, wọ́n ń gbé tàdáwà. Ó ń lé wọn. Ó ń kọ ọ́ lọ.

Ó fẹ́ gbé eegun rẹ̀ délé. Kò ṣeé ṣe. Inú ọkọ̀ tuntun tí wọ́n fi àfọ́kù ti àtijọ́ kàn kò láyè, wọ́n sì ti díwọ̀n ẹrù fún kálukú. Nínú gbogbo ara ẹran tó tóbi tó báyìí, eegun pẹlẹbẹ tó fi ń lọ oúnjẹ lẹ́nu ni Steller rí mú wọ ọkọ̀. Wọ́n ṣíkọ̀ lọ́jọ́ 13 oṣù Kẹjọ. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní 1746, ó kú ní Tyumen lójú ọ̀nà àtilọ sí St. Petersburg, ẹni ọdún 37, kò sì rí ìwé rẹ̀ ní títẹ̀.

Mo dìde, ẹsẹ̀ mi ti kú tipiri. Mo yí lọ sí òdìkejì. Láti ẹ̀yìn, èèyàn lè gba àárín egungun ìhà wo àwọn ọmọ tó ń yàwòrán, bí ẹni gba ojú fèrèsé onírin wo ìta. Ọmọbìnrin kan ti fi pẹ́ńsù ya ìka márùn-ún sí ọwọ́ ẹran náà. Kò sẹ́ni tó bá a wí.

Ohun kan wà tí n kò lè ṣàì sọ. Steller kò pe ẹran rẹ̀ ní màlúù Steller, dájúdájú. Manati ló pè é, nítorí ó ti ka ìwé William Dampier, atukọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó kọ nípa màlúù omi ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní 1697, ó sì rò pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Mo ti ka Dampier. Ó sọ bó ṣe tóbi, ó sọ ohun tó ń jẹ, kò sì pẹ́ tó fi dé ibi tó ń sọ pé ẹran rẹ̀ funfun, ó dùn, ti ọmọ tó ṣì ń mu ọmú ló sì dùn jù bí wọ́n bá sun ún. Awọ rẹ̀, wọ́n ń fi ṣe pàṣán ẹṣin. Oviedo ará Sípéènì ti ṣáájú rẹ̀ ní 1526: ẹja ló pè é, ó ní àmọ́ bí èèyàn bá rí ẹran rẹ̀ ní gígé, á ní ti màlúù ni. Columbus nìkan ni n kò rí kó sọ̀rọ̀ oúnjẹ. Ní oṣù Kìíní 1493, ó rí mẹ́ta tí wọ́n yọrí jáde nínú òkun nítòsí Hispaniola, ó rò pé obìnrin inú omi ni, irú èyí tí àwa ń pè ní mámí wọ́tà, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọn kò lẹ́wà tó bí wọ́n ṣe máa ń yà wọ́n.

Ìtàn kan ṣoṣo ni mo rí nínú gbogbo ìwé wọn tí wọn kò ti jẹ ẹ́, ẹni tí kò sì débẹ̀ ló kọ ọ́. Peter Martyr, tó jókòó sí Sípéènì tó ń gba ìròyìn lẹ́nu àwọn tó ti òkun dé, ló ní ọba kan ní Hispaniola sin màlúù omi kan sínú adágún fún ọdún 25. Matu ni orúkọ rẹ̀. Bí wọ́n bá pè é, á jáde wá gba oúnjẹ lọ́wọ́ wọn, á sì gbé àwọn ọmọ sẹ́yìn sọdá omi. Ará Sípéènì kan wá ju ọ̀kọ̀ lù ú lọ́jọ́ kan. Láti ọjọ́ náà, kò tún jáde bó bá ti rí ẹni tó wọ aṣọ bíi tiwọn. Bí ìtàn náà ṣe jẹ́ òótọ́ tó, ọwọ́ Martyr ló wà. Mo kàn mọ̀ pé ó wù mí kó jẹ́ òótọ́.

Èyí tó súnmọ́ tiwa ni ti Michel Adanson, ará Faransé tó gbé ní Sẹ̀nẹ̀gàl láti 1749 sí 1753, tó sì kọ nípa màlúù omi ibẹ̀. Sẹ̀nẹ̀gàl ṣì wà nínú orúkọ tí àwọn onímọ̀ fún un: Trichechus senegalensis. Òun kan náà ló wà nínú ọ̀sà wa. Àwọn Haúsá ń pè é ní ayú. Lẹ́bàá Ẹ̀pẹ́ tí mo dàgbà sí, màlúù omi lásán ni àbúrò bàbá mi ń pè é, apẹja ni, ó sì máa ń sọ ọ́ tẹ̀gàn-tẹ̀gàn pé olè ni: á fa àwọ̀n ya lóru kó lè kó ẹja inú rẹ̀, á wá jẹ ẹ̀gẹ́ tí àwọn ìyá rẹ sétí omi. Láti 1985 ni òfin Nàìjíríà ti ka pípa á àti títà á léèwọ̀. Mọ̀lẹ́bí erin ni gbogbo wọn, tiwa àti ti Steller. Ọmú àyà yẹn ni kó o fi mọ̀.

Ti Steller kò pẹ́ parí. Àwọn tó bá a padà kó awọ otter délé, ọjà rẹ̀ ya, àwọn ọlọ́dẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọ erékùṣù Bering lọ́dọọdún. Màlúù òkun ni wọ́n ń jẹ níbẹ̀, òun ni wọ́n sì ń dì lẹ́rù fún ìrìn àjò tó kù. Wọn kì í tún wá ọgbọ̀n ọkùnrin mọ́: ẹnì kan á yọ́ lọ, á gún un lọ́kọ̀, èyí tó bá fi ọgbẹ́ bọ́ á lọ kú sójú òkun. Ní 1755, Pyotr Yakovlev, tó wá wo kùsà ní erékùṣù mìíràn nítòsí Bering, kọ̀wé sí àwọn aláṣẹ Kamchatka pé ẹran náà ti tán níbẹ̀, kí wọ́n má jẹ́ kó tán ní Bering náà. Wọn kò ṣe nǹkan kan. Ọdún 1768 ni wọ́n kọ sílẹ̀ pé wọ́n pa èyí tó gbẹ̀yìn. Ọdún 27 péré sí ìgbà tí Steller kọ́kọ́ rí i.

Nígbà tí mo fi máa gba kóòtù mi, ilẹ̀ ti ṣú. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kò tíì lù. Mo dúró sábẹ́ iná lẹ́gbẹ̀ẹ́ ère idẹ yẹn, mo bọ́ ìbọ̀wọ́ kan, mo pe àbúrò bàbá mi ní Ẹ̀pẹ́.

"Ẹ káàsán o, Bàbá."

"Ìwọ ọmọ yìí! Òtútù ò tíì pa ọ́ níbẹ̀ yẹn?"

Mo ní kò tíì rí mi pa. Mo sọ fún un pé mo lọ wo eegun màlúù omi kan, ti òkun Rọ́ṣíà, tó gùn tó méjì ti ọ̀sà wa. Mo gbọ́ ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú omi kan tó ń kọjá lẹ́yìn rẹ̀.

"Àwọn tó rí i," ó ní, "ṣé wọ́n sọ bó ṣe rí lẹ́nu?"

Mo ní wọ́n sọ ọ́. Bíi màlúù. Ọ̀rá rẹ̀ dùn bí òróró álímọ́ńdì.

"Tiwa náà bẹ́ẹ̀ ni."

Ó dákẹ́. Ẹ̀rọ yẹn ti lọ jìnnà.

"Ó mà ti pẹ́ tí mo ti rí ọ̀kan o," ó ní, ó sì bi mí ìgbà tí mò ń bọ̀ nílé.